Àpò Ìwé Jẹ́mírìn

Àpò sìmẹ́ńtì ni Jẹ́mírìn fi kó wọn wá láti Lọ́kọ́ja,
ìwé mẹ́sàn-án, èèpo gbogbo wọn dúdú,
ẹ̀jẹ̀ lára mẹ́fà, ilé ahoro lára méjì.
"Òkun o, Bàbá Àgbà. Ẹ kà wọ́n,
kí ẹ sọ èyí tó dáa fún mi."
Ó mọ̀ pé oorun ti kọ̀ mí
láti ìgbà tí Ìbítómi ti lọ.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe akọ̀wé kóòtù ní Kábbà.
Ọwọ́ yìí ló kọ ọ̀rọ̀ àwọn tó pààyàn sílẹ̀,
àtẹnu wọn, àti ẹkún wọn, àti irọ́ wọn.
Torí náà, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀.

Nínú àkọ́kọ́, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan ń fa sìgá nínú òjò.
Ó wo ipa bàtà, ó wo eérú,
ó ní àbúrò ọkọ ló ṣe é.
Ipa bàtà wo?
Kí ọlọ́pàá tó dé ọ̀dọ̀ tiwa,
gbogbo àdúgbò á ti tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ pa,
wọ́n á ti gbálẹ̀, wọ́n á ti wọ́n omi,
ẹnì kan á ti máa gún iyán lẹ́yìnkùlé,
torí ẹni tó wá kíni kú ọ̀fọ̀ gbọ́dọ̀ jẹun.
Apànìyàn gan-an á sì bá wọn gbé àga.

Èkejì, ojú-ewé kọkànlá ni mo ti mú un.
Nínú èèyàn mẹ́rìnlá tó wà nínú ilé náà,
òun nìkan ni òǹkọ̀wé ṣàpèjúwe ìka ọwọ́ rẹ̀.
Ẹni tó jí ẹran kì í fọwọ́ bo àpò, ọmọ mi.

Ìwin wà nínú ẹ̀kẹta. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa pa iná.
Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú mi.
Ta ni iná tó kú ń bà lẹ́rù ní Kábbà?
Kí iná wà láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́,
ìyẹn ni màá fi sá jáde tòun ti àwọ̀tẹ́lẹ̀.

Èyí tí wọ́n ti jí ọkùnrin kan gbé, n kò parí rẹ̀.
Òǹkọ̀wé náà mọ iṣẹ́. Ó mọ̀ ọ́n jù.
Mo dé ibi tí ìyàwó ti ń ka owó lórí bẹ́ẹ̀dì,
tó ń kà á, tí kò pé, tó tún ń kà á,
mo pa ìwé dé.
Àwa náà ti kà á báyẹn rí,
ọdún tí Mẹ́dùpin gbé kaṣú gba ọ̀nà Ìsánlú.
Owó pé.
N kò rí ẹni kọ orí tó kàn.

Mẹ́rin mìíràn wà. Kí ẹlẹ́pà fi wọ́n wé ẹ̀pà.

Ó wá ku pẹlẹbẹ kan báyìí, tí kò lẹ́jẹ̀ lára.
Obìnrin kan ń gbé abọ́ méjì kalẹ̀ lálaalẹ́.
Ojú-ewé kìíní ni ọkọ rẹ̀ ti kú.
Ní orí kẹrin, abọ́ kejì ṣófo.
Ta ló jẹun náà? Òǹkọ̀wé ò sọ.
Kò sẹ́ni tó kígbe, ilẹ̀kùn kankan ò dún.
Ọyẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè lóru ọjọ́ náà,
páànù ń ké bí eegun orúnkún.
Mo dìde, mo gbé àtùpà,
mo lọ wo ilé ìdáná.

Nígbà tí Jẹ́mírìn padà wá, mẹ́jọ ni mo kó fún un.
Ó kà wọ́n. Ó tún wọn kà.
"Ó ku ọ̀kan, Bàbá."
Mo ní bóyá ikán ló jẹ ẹ́.
Ó wo òkè àjà, kò rí ikán.
Ó wo orí tábìlì,
abọ́ méjì, ṣíbí méjì,
ó so ẹnu àpò rẹ̀,
kò sì bi mí ní nǹkan kan.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nìyẹn.