Wọ́n Kàn Bọwọ́ Ni

Ìwé méje ni Àǹtí Ọmọ́níwà kọ,
bíró búlúù, ìwé àjákọ olójú ewé ọgọ́ta.
Kò sí ilé ìtẹ̀wé tó rí i rí.
Ògìdì nìkan ló ń kà á,
láti ẹsẹ̀ àpáta títí dé ilé ìwòsàn;
ẹni kan á kà á tán, á fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́,
kíákíá, bí ẹni wá fọnná.

Ayé àtijọ́ ni gbogbo wọn:
ìgbà tí kọfí ṣì ń pawó,
tí bọ̀lẹ́kájà ń rù ú lọ sí Kàbà,
tí akọ̀wé ń wọ ṣòkòtò péńpé,
tí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ń kan orúnkún.
Ìbítóyè á ti ibi iṣẹ́ ọ̀nà dé,
á bá Ọ̀títọ́jù níwájú òfì ìyá rẹ̀.
Á ní, "Okun o."
Ọ̀rọ̀ kan náà tí à ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́,
ẹni tó ti ìrìn àjò bọ̀, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.
Òun náà á ní, "Okun."
Ojú ewé mẹ́rìnlá á lọ
kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó tún lanu.

Àwa tá à ń kà á ò ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀.
Ẹ wo etí ìwé kẹta:
nọ́ọ̀sì fi bíró pupa kọ ọ́ síbẹ̀, "Dì mọ́ ọn, jọ̀ọ́!"
Ọlọ́kadà kan fi àtàǹpàkò elépo
tẹ ibi tí òjò ti ká wọn mọ́ abẹ́ igi àgbálùmọ̀.
Ìyàwó pásítọ̀ ò kọ nǹkan kan.
Ó kàn ká igun ojú ewé náà,
ó tú u, ó tún un ká,
títí igun náà fi já.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí, ẹnu mi mú.
Mo ní, "Àǹtí, ìwé méje!
Wọn ò fẹnu ko ara wọn lẹ́nu rí.
Wọ́n kàn ń bọwọ́ ni."
Ẹ̀wà ló ń ṣà. Kò gbójú sókè.
Ó ní, "O ti rí ọkùnrin tó ru omi
láti odò dé ẹnu ọ̀nà yín,
tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ síta, tí kò wọlé,
torí bàbá rẹ ò sí nílé?"
Mo ní rárá.
Ó ní, "Ẹn-ẹ́n."
Ó he òkúta kan nínú ẹ̀wà, ó jù ú nù.

Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n báyìí.
Òun ló ń sọ ìwé kẹjọ, èmi ni mò ń kọ ọ́.
Ogun ló dé: ẹlẹ́ṣin Tápà wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀,
ọmọbìnrin kan sá sínú ihò àpáta,
ọmọkùnrin kan ń ṣọ́ ẹnu ihò pẹ̀lú ọrun.
Oṣù kẹta rèé tó ti wà níbẹ̀.
Wọ́n ń bi mí níbi omi ẹ̀rọ, wọ́n ń bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì:
"Ṣé ó ti wọlé?"

Lálẹ́ ọjọ́ kan, Àǹtí tòògbé.
Mo mú pẹ́ńsù, mo mú ọmọkùnrin náà wọlé.
Mo jẹ́ kó dì mọ́ ọn, ìlà mẹ́fà gbáko.
Ó jí, ó ní kí n kà á.
Mo kà á, ohùn mi ń wọlẹ̀.
Ó dákẹ́ pẹ́. Ewúrẹ́ ń họ ara mọ́ ògiri.
"Pa á rẹ́," ó ní.
"Ṣe ni kó bọ́ aṣọ òtútù rẹ̀,
kó nà án sí i láti ìta, kó ní, 'Okun o.'
Kó padà sídìí ọrun rẹ̀."
"Kí ni òun fúnra rẹ̀ á fi bora?"
"Ìyẹn ò kàn ọ́. Kọ ọ́."

Mo fi rọ́bà pa á rẹ́, mo kọ tirẹ̀ lé e.
Ṣùgbọ́n pẹ́ńsù mi ti tẹ ìwé náà wọnú:
bí ẹ bá gbé e sójú oòrùn, ẹ̀ ń rí i.

Ìyàwó pásítọ̀ ló kọ́kọ́ yá a.
Ó dá a padà lọ́jọ́ kejì, kò sọ nǹkan kan.
Mo yẹ ojú ewé náà wò.
Igun rẹ̀ ti já.