Ẹni Tí A Rà ní Ayétòrò

Jẹnẹrétọ̀ kan, bọ́ọ̀lù mẹ́ta, àti ìlérí:
ohun tí a fi rà á nìyẹn.
Alága ní a ti jèrè. Akápò ò fọhùn.

Ṣótúndé sọ̀ kalẹ̀ ní Láfẹ́nwá,
ó ga bí òpó iná,
bàtà ọ̀tún rẹ̀ lanu sílẹ̀ bí ẹni ń rẹ́rìn-ín.
"Ṣé èyí náà ni?"
Ìyá tó ń fọ jẹ́sì wa ló bèèrè.
Ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn.

Èmi ni mo ń wọ nọ́ḿbà mẹ́sàn-án
kí orúnkún mi tó dalẹ̀ mi.
Mo jókòó sórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin,
mo ń wá àléébù kiri ara ọmọ ọlọ́mọ.

Mo rí i: ó lọ́ra láti yí padà,
ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ò tíì gbọ́ èdè bọ́ọ̀lù.
Ṣùgbọ́n nígbà tí Jìnádù gbá a wọlé lókè,
géńdé méjì rọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn,
ó dúró bí àtẹ́rígbà ilé àtijọ́,
ó fàyà gbà á wẹ́rẹ́,
bí ẹni gba ọmọ ọwọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀,
ó sì rọra tì í fún ẹlòmíràn pé kó gbá a sáwọ̀n.
Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn wò.

Wọ́n ní ẹyin ló ń di àkùkọ.
Èmi náà ti jẹ́ ẹyin rí.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, mo tú okùn bàtà mi,
mo fi di ẹnu tirẹ̀ pọ̀.
"Bọ̀ọ̀dá, ta ló ni nọ́ḿbà mẹ́sàn-án níbí?"
Mo ní, "Wọ̀ ọ́ wò ná."