Ohun Tí A Fi Orin Àlejò Ṣe

Àwo náà ti sán létí kó tó dé ọwọ́ wa.
Medúpìn rà á lọ́wọ́ dírẹ́bà kan ní gáréèjì Kàbbà,
agolo kọfí méjì ló fi san án, kọfí tí a ò tíì yan.
Ọkùnrin mẹ́ta ló wà lára páálí rẹ̀,
fìlà wọn fẹ̀ tó àtẹ tí ìyá mi fi ń sá kọfí.
Ẹnìkan ti fi bírò kọ Mẹ́síkò sẹ́yìn.
A bi Tíṣà Ọbájẹ̀mú níbi tó wà.
Ó ní, "Ẹ ó la òkun kọjá."
Òkun! Òkun la fi ń kíra wa láàárọ̀,
lẹ́nu iṣẹ́, nílé ọ̀fọ̀,
bẹ́ẹ̀ a ò rí omi tó ju odò Ọ̀yì lọ rí.

Òru mẹ́rin la fi gbọ́ ọ. Abẹ́rẹ́ á fò, á padà,
ọkùnrin náà á tún bẹ̀rẹ̀ ẹkún rẹ̀ láti àárín.
Gìtá wọn ń sáré bí ewúrẹ́ lórí páànù.
Mo ní ká dín eré rẹ̀ kù. Gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ ni tèmi,
ìdí ni mo fi ń gbọ́ orin.
Mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń ka ìgbésẹ̀ tiwọn.
Ta ló ní ẹsẹ̀ mẹ́ta ní Kàbbà?
A sọ ọ́ di mẹ́rin. Olúmorótì ki fèrè idẹ bọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó gbédè wọn.
Medúpìn ní abẹ́ fèrèsé ni ọkùnrin náà dúró sí,
ó ń bẹ ọmọge kan kó yọjú.
Báwo lo ṣe mọ̀?
"Ẹ ò gbọ́ ni? Ohùn rẹ̀ ń wòkè."
Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró lábẹ́ fèrèsé ọmọ ọlọ́mọ
lóru ní àdúgbò wa, ajá ni yóò dá a lóhùn.
A bá gbé e kúrò níbẹ̀, ó di oko àna.
A kó ọkọ́ lé e lọ́wọ́, ó ń kọ ebè fún bàbá ọmọ,
oòrùn ń pa á, ó ń kọrin,
ọmọ ń gbé omi bọ̀, kò yára.

Ọdún mọ́kànlá la fi lù ú.
Ní Ìyàrá, ní Mọ́pà, ní Ẹ̀gbẹ̀ níbi tí òjò ti wó àgọ́ lé wa lórí.
Òun la lù lọ́jọ́ tí mo fẹ́ Ibíyẹmí.
Èmi fúnra mi ni mo lù ú, pẹ̀lú agbádá lọ́rùn,
torí kò sẹ́ni tó lè bá mi di gìtá mú.

Àfi ìgbà tí Sístà kan dé sí ọsibítù, ará ọ̀hún gan-an.
Ó dúró lẹ́yìn gbọ̀ngàn, kò mira.
Nígbà tí a ń ká wáyà, ó bá wa.
Ó ní ọkùnrin yẹn kò bẹ ọmọge kankan.
Obìnrin náà ti kú. Ojú oórì ló dúró sí,
ó ń sọ fún un pé kó má bínú, òun pẹ́ kí òun tó dé.

Medúpìn ń ká wáyà lọ. Wáyà tán, ó tú u, ó tún un ká.
Nínú ọkọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìgbéyàwó.
Mo dé ogójì, mo jáwọ́.

Ọjọ́ Sátidé, ní Ayétòrò, wọ́n ní ká lù ú.
A lù ú. Oko náà ni, ọkọ́ náà ni.
Kìkì pé lẹ́yìn ẹsẹ kẹta, Medúpìn gbé ọwọ́ sókè,
gbogbo wa dákẹ́ fún ìwọ̀n ìgbésẹ̀ mẹ́rin.
Àwọn oníjó gbé ẹsẹ̀, wọn ò mọ ibi tí wọn ó gbé e sí.

Ọdún kẹta rèé tí Ibíyẹmí ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, nídìí igi kọfí.
Mo ti oko dé lánàá, ilẹ̀ ti ṣú.
Òkun o, mo wí. Má bínú, mo pẹ́ díẹ̀.
Ìka mi wà lára igi ọkọ́,
mẹ́ta, mẹ́ta.