Kókó Ọ̀rá

Ní ọjà Ìgbọ̀nà, iyọ̀ wọ ọ̀rá,
ọ̀rá wọ ọ̀rá dúdú,
Ìyá Mútíátù tún na òmíràn sí mi:
"Kó má baà já lọ́nà."
Ata ní tirẹ̀, irú ní tirẹ̀,
ẹyin mẹ́ta péré, ó wọ ẹ̀wù méjì.
Mo délé, mo kà á: mọ́kànlá.
Ọbẹ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo!
Mo ta wọ́n ní kókó, mo jù wọ́n sí gọ́tà.

Òjò Alámísì kò bá wa ṣeré l'Ókè-Báálẹ̀.
Omi gọ́tà gun àtẹ̀gùn,
ó gbé nǹkan kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà mi
bí ẹni tó wá dá ẹrù padà.
Mo tanná wò ó.
Kókó mi ni.
Ọwọ́ òsì ni mo fi ń ta á;
ta ló tún ń ta bẹ́ẹ̀ ládùúgbò?

Lónìí, abọ́ onídérí ìyá mi
tó ti di ilé aáyán lórí pẹpẹ
ni mo fọ̀, mo gbé e lọ sọ́jà.
Ìyá Mútíátù wò mí títí:
"Ṣé sàárà lo wá gbà ni?"
Mo ní, irú ni kẹ́ ẹ bù sí i.
Ó rẹ́rìn-ín, ó bù ú,
ọ̀rá tí n kò gbà sì di ènì.

Ìdérí náà kò fi bẹ́ẹ̀ dé mọ́.
Títí mo fi délé,
gbogbo ẹni tí mo kí ló mọ ohun tí mo rà.