Wẹ́ẹ̀jì

Ẹsẹ̀ ọ̀tún bàbá mi ní ọmọ ìka mẹ́ta.
Méjì tó kù wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè-Ṣópín,
lábẹ́ ọ̀dà tí wọ́n ti dà lé e lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni, lórí agbégilódò Ọ̀gá Ọ̀sìbóódù,
èyí tó ń kó ọgànwó àti òpepe láti inú igbó
wá sí ibi ìlagi ní Ìjẹ̀bú-Igbó.
Kò wa ọkọ̀ rí láyé rẹ̀.
Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa fò bọ́ sílẹ̀
pẹ̀lú igi onígun mẹ́ta láyà,
kí ó tì í bọ abẹ́ táyà
bí òkè bá fẹ́ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀.

Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni ìtì igi máa ń ṣorí kunkun.
Ẹ tì í, kò lọ.
Ọkùnrin mẹ́jọ, okùn onírin, èébú ìyá àti bàbá, kò lọ.
Ìgbà tó bá wá gbà láti lọ,
ẹ bẹ̀ ẹ́ kó dúró, kò dúró.
"Kì í ṣe inú burúkú," ló wí.
"Ohun tí nǹkan bá ń ṣe lọ́wọ́, òun náà ló mọ̀."

Mo kọ gbólóhùn yẹn sójú pátákó lọ́dún tó kọjá
ní ilé ẹ̀kọ́ wa ní Àtìkòrí.
Ìwé ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà sọ ọ́, ó gùn.
Ọmọ kan, Ọ̀nàfọwọ́kàn, ní ti bàbá lòun yóò mú.

Lọ́jọ́ òjò yẹn,
ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ti ń sọ ọ́, láì gbé ohùn sókè,
bíréèkì já ní ìdajì òkè.
Ọkọ̀ kọ́kọ́ dúró. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré:
ẹ́ńjìnnì ń fà á sókè, ilẹ̀ ń fà á sísàlẹ̀,
àwọn méjèèjì ṣe déédéé,
bí ẹni méjì tó di okùn mú tí ẹnì kankan ò tíì mí.
Lẹ́yìn náà ẹ́ńjìnnì kú.
Ilẹ̀ kò kú. Ilẹ̀ kì í gba ìsinmi ọjọ́ Àìkú.

Kò yára o. Ìrìn aboyún ni.
Ọmọdé lè rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
Kẹ̀kẹ́ tó ń sáré jù ú lọ, èèyàn lè fọwọ́ dá a dúró,
kó bó léèékánná, kó sì rẹ́rìn-ín.
Ṣùgbọ́n ìtì mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn wúwo ju ilé alájà lọ;
ohun tó bá wúwo tó bẹ́ẹ̀, kí ló fẹ́ fi eré ṣe?
Nísàlẹ̀, àwọn tó ń pọn omi ẹ̀rọ tò gbọọrọ.

Ó fò. Bí ó ti fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, ilẹ̀ tì í padà,
oore kan ṣoṣo tí ilẹ̀ ṣe fún un lọ́jọ́ náà.
Wẹ́ẹ̀jì yọ̀ lórí ẹrẹ̀ pupa bí ọṣẹ.
Ó gbé e, ó sáré bá táyà, ó tún tì í bọ̀ ọ́,
ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀
títí táyà fi gun igi, tí igi fi jẹ ilẹ̀.
Gbogbo ìrìn yẹn ní láti lọ síbì kan.
Ó wọ inú igi. Ó wọ inú ẹrẹ̀.
Díẹ̀ wọ inú ẹsẹ̀ rẹ̀.

Lálẹ́ àná mo bi í pé ṣé ó dùn ún púpọ̀.
Ó ń wo gàrí nínú kọ́ọ̀bù rẹ̀,
bí ó ti ń rì díẹ̀díẹ̀ lọ sísàlẹ̀.
"Ọ̀gá Ọ̀sìbóódù ra bàtà fún mi," ló wí.
"Ti ọ̀tún tóbi jù. Mo ki àkísà sí i."

Wẹ́ẹ̀jì náà ṣì wà. Abẹ́ ilẹ̀kùn kíláàsì mi ló wà,
nítorí afẹ́fẹ́. Àwọn ọmọ máa ń ta á nípàá
bí wọ́n bá ń sáré jáde lọ jẹun.
Kì í lọ jìnnà.