Wọn Kò Parí

Ìwé kan wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀yìn rẹ̀ ti já,
ìkán ti jẹ etí ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́.
Tísà Aróyèwún ló fi í lé mi lọ́wọ́
lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì nílé ìwé wa l'Ómù-Àrán.
Ó ní, "Ìwọ lo mọ bí eré ṣe ń dun ni,
ìwọ ni kó o máa kọ ọ́."

Ọdún àkọ́kọ́, ilé ìwé mẹ́rin péré:
Òmù-Àrán, Èsìẹ́, Ìgbàjà, Àjàṣẹ́.
Kò sí ẹfun tí a ó fi fa ilà,
la bá ń gba eérú nídìí àdògán káàkiri,
a fi agolo mílíìkì tó lu dà á sórí koríko.
Ọyẹ́ jí wá sí pápá, ó fẹ́ ẹ lọ.
Nígbà tí fèrè dún, kálukú ní ọ̀nà tòun lòun wà.
Ìjà ọjọ́ náà kò ju ìlà kan lọ nínú ìwé:
"Wọ́n bínú. A tún un sá."
Ẹ̀bùn: abọ́ tánganran mẹ́ta,
ọṣẹ gígùn kan tí wọ́n fi okùn gé sí mẹ́rin
fún àwọn tó gbé ọ̀pá yí pápá ká.
Igi gúábà ni ọ̀pá ọ̀hún.

Ọdún tí epo wọ́n, mọ́tò kò gbé àwọn Èsìẹ́.
Wọ́n fẹsẹ̀ rìn, wọ́n dé nígbà tí adìyẹ ń wọlé,
gbogbo ayé ti tú ká.
Tísà ní kí wọ́n sá a bẹ́ẹ̀, àwọn nìkan.
Àtùpà mẹ́rin, igun mẹ́rin.
Kò rí ojú aago, ó ń ka á lẹ́nu:
ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin...
Ó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Èmi ò rò pé ó tọ̀nà.

Ojú ìwé kọkànlá, mi ò fẹ́ràn àtiṣí i.
Àjàṣẹ́ ni. Múníràtù ń bọ̀,
ó ti fi ìgbésẹ̀ mẹ́wàá ṣíwájú gbogbo wọn,
ó ń kígbe, "Gbà! Gbà á!"
Mo na ọwọ́ sẹ́yìn.
Afẹ́fẹ́ ni mo dì mú.
Ohun tí Tísà kọ síbẹ̀ ni:
"Òmù-Àrán: wọn kò parí."
Kò kọ ẹni tó sọ igi nù.
Ó lé ní ogójì ọdún, mi ò tíì mọ̀
bóyá àánú ni, àbí yíǹkì rẹ̀ ló tán.

Lónìí, Ìlọrin la wà. Ilé ìwé ti di ọgọ́ta,
ojú ọ̀nà jẹ́ rọ́bà pupa, ó gbóná bí ìsàlẹ̀ àwo,
ẹ̀rọ kan sì ń gé ìṣẹ́jú àáyá
wẹ́wẹ́ bí ẹni ń gé ilá.
Síbẹ̀, ìwé yìí ni mo gbé lé itan.
Ọmọbìnrin kan láti Ìgbàjà
já ọ̀pá sílẹ̀ níwájú mi gan-an.
Ó kúnlẹ̀, ó ń wò ó bó ṣe ń yí lọ.
Mo pè é nígbà tó yá, mo bi í ní orúkọ.
Ó wo kálàmù, ó wò mí.
"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣáà kọ ọ́ pé a kò parí."

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.
Yíǹkì ṣì pọ̀ lẹ́nu kálàmù mi.