Ẹyọ Owó Lábẹ́ Ọwọ́

Igba náírà ni mo fi rà á lọ́wọ́ bàbá kan ní Zaria,
ẹyọ náírà kan,
tí kò ra súìtì mọ́ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú.
Bàbá náà rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n rẹ̀.
Idán àkọ́kọ́ nìyẹn, òun ló sì pa á.

Ní Nyanya, bí mo bá ti ká agboòrùn POS mi,
tí mo ka owó ọjọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, tí mo fi rọ́bà dì í,
mo máa ń jókòó sórí àpótí nídìí iná sólà
láti kọ́ ọwọ́ mi ní irọ́ pípa.

Ó rọrùn lẹ́nu:
gbé e sí ibi tí ẹran ti ṣù ní ìdí àtàǹpàkò,
fi ẹran náà há a mọ́ra díẹ̀,
kí ìka máa ṣeré bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.
Ìka tèmi kò mọ eré. Wọ́n le gbagidi
bí ọmọ iléèwé tó fi gúgúrú sápò, tí olùkọ́ dúró tì.
Gbinrin, ó já bọ́.
Gbinrin. Ó yí lọ sábẹ́ ibùsùn,
mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún náírà kan.

Ọ̀gbẹ́ni Làmídì, tó ń pidán fún ọmọ olówó ní Maitama, ní:
"Ojú ni kó o jí. Má jí owó.
Ibi tí o bá wò ni wọn yóò wò.
Ìwọ náà, gbàgbé ibi tó wà."
Ó rọrùn fún un. Ta ló ń gbé owó oṣù lé e lọ́wọ́?

Jummai, ọmọ Danladi fọkanáísà, ni dígí mi,
ọmọ ọdún mẹ́fà, akáyín.
Alaalẹ́ ló ń na ìka sí ọwọ́ òsì mi, kì í ṣì í:
"Ga shi nan!"
Á rẹ́rìn-ín, á lọ sùn.

Lóru kan tí oorun kọ̀ mí,
mo kọ ọ̀rọ̀ méjì sára páálí: owó, ọwọ́.
Owó kò ní nǹkan kan lábẹ́,
ìhòòhò ló jókòó.
Ọwọ́ ló fi ẹyọ méjì pamọ́ sísàlẹ̀,
róbótó, dúdú,
àwa tó ń kà á kì í sì í bi í léèrè.

Nígbà tí ọyẹ́ dé,
bóyá eruku ló gbẹ òógùn àtẹ́lẹwọ́ mi,
Jummai na ìka sí ọwọ́ ọ̀tún.
Mo ṣí i. Òfo.
Mo rò pé yóò pàtẹ́wọ́.
Ó gbé ẹní sókè, ó wo inú bàtà mi,
ó tú àpò ara rẹ̀ wò, bí ẹni pé òun ni wọn yóò mú.
"Ina ya tafi?"
N kò dá a lóhùn.
Ẹyọ náà ń gbóná ní ìdí àtàǹpàkò mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Laraba tó ń gbá títì
wá gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún.
Fóònù rẹ̀ ní wọ́n ti yọ ọ́.
Ẹ̀rọ mi ní òun kò rí nǹkan kan.
A dúró. Ọ̀sán pọ́n sí wa lórí.
Kò pè mí lólè.
Ọwọ́ mi ló ń wò.
Mo na méjèèjì sí i, mo ya ìka,
mo yí àtẹ́lẹwọ́ sókè, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀,
bí wọ́n ṣe kọ́ mi láti ṣe kí idán tó bẹ̀rẹ̀.

Ì bá ṣe pé èmi ni mo fi í pamọ́,
ǹ bá mú un jáde lẹ́yìn etí rẹ̀,
ẹgbẹ̀rún márùn-ún, kíká, gbígbóná,
kí ó na ìka sí mi,
kí ó rẹ́rìn-ín, kí ó máa lọ.